Ọmọ Tó Bá Gba Ife Ni Ti Bàbá

Ó ti ṣe díẹ̀ tí a ti jókòó ti ara wa lójú ìwé yìí. Ẹni tó bá ń bèèrè ibi tí a wọlé sí, ẹ bá wa sọ fún un pé ìdánwò ló gbé wa lọ, ṣùgbọ́n kò rí wa gbé mì. A ti dé báyìí, ẹnu sì ti ń yún wa.

Lónìí, a ò gbé ọ̀rọ̀ tó le wá. A ò ní bá yín jà lórí owó ẹgbẹ́ tí ẹ ò tíì san, a ò sì ní bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi ń dé ìpàdé ní aago márùn-ún nígbà tí a pè é sí aago mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ eré sísá, àti ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa kan tí orí wọn gbe wọ́n láìpẹ́ yìí. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tinú rẹ̀ yọ, ẹ má bínú. Bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

LÁTI "WỌ́N" DÉ "A"

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ 26, oṣù Keje, 2025. Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn Super Falcons ń bá Mòrókò fà á ní Rabat, ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń dù. Iná ò sí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àwa bí i mẹ́rìnlá la rọ́ sínú yàrá kan tí kò yẹ kó gbà ju ènìyàn mẹ́rin lọ, tí a tẹjú mọ́ fóònù kan ṣoṣo tí wọ́n gbé ti agolo mílíìkì. Ẹni tó ni fóònù ló jókòó níwájú bí ọba. Ẹni tó ra dátà jókòó tì í bí olorì. Àwa yòókù ń na ọrùn lẹ́yìn bí ògòǹgò.

Eré kò tíì gbóná tí Mòrókò fi gbá ọ̀kan sáwọ̀n. Kí a tó bèèrè pé kí ló dé, wọ́n ti gbá èkejì. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, méjì sí òdo ni. Ìgbà náà ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ní, "Mo ti sọ fún yín, wọn ò lè ṣe é." Èkejì ní, "Obìnrin mà ni wọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe?" Ẹnìkẹta ní kí wọ́n pa fóònù náà kí bátìrì má ba à kú lásán, nítorí pé òun fẹ́ fi wo fíìmù tó bá yá. Àwọn mẹ́fà dìde, wọ́n lọ wá índómì jẹ lọ́dọ̀ oníṣáì ẹnu géètì.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe parí. Esther Okoronkwo gbá pẹnárítì wọlé. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i tí Folashade Ijamilusi gbá èkejì sáwọ̀n, ó di méjì sí méjì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí àádọ́rùn-ún pé, Jennifer Echegini fi ẹ̀kẹta kádìí ọ̀rọ̀. Ife kẹwàá nìyẹn. Ariwo tó sọ nínú yàrá wa, díẹ̀ ló kù kí àjà já. Àwọn tó lọ jẹ índómì sáré padà dé, òróró ṣì ń dán lẹ́nu wọn, wọ́n ń pariwo, "A ti gbà á! A ti gbà á!"

A. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn o. Nígbà tó jẹ́ méjì sí òdo, "wọ́n" ni. Wọn ò lè ṣe é, wọn ò mọ̀ ọ́n gbá, obìnrin ni wọ́n. Nígbà tó di mẹ́ta sí méjì, "a" ló dé. A gbà á, a na Mòrókò nílé bàbá wọn, ta ló tó wa? Lẹ́tà kan péré ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó gbé wọn láti ọ̀dọ̀ oníṣáì dé Rabat láìsan owó ọkọ̀.

A ò yọ ara wa sílẹ̀. Lóòótọ́, a ò tẹ̀lé wọn lọ jẹ índómì. Ṣùgbọ́n owó tí kò sí lápò wa ló dá wa dúró, kì í ṣe ìgbàgbọ́.

Òwe àwọn bàbá wa ní ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Bí a bá fẹ́ tún òwe náà ṣe kó bá ìgbà mu, a óò ní ọmọ tó bá gba ife ni ti bàbá. Èyí tó bá pàdánù, kó máa wá ìyá rẹ̀ lọ.

ẸNI TÍ A BÚ LÁNÀÁ

Ẹ wo Ademola Lookman. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí, ní Peckham tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Ní oṣù Kọkànlá, 2020, nígbà tó wà ní Fulham, wọ́n fún un ní pẹnárítì nígbà tí eré wọn pẹ̀lú West Ham ti fẹ́ parí. Ó ní òun ò ní gbá a tagbáratagbára, òun óò rọra fi ṣíbí bù ú. Bọ́ọ̀lù náà lọ bá gólì lọ́wọ́ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́. Fulham pàdánù. Ilé la wà nígbà náà, ìyanṣẹ́lódì ló lé wa kúrò nílé ìwé. A rántí pé ẹni tó jókòó tì wá níbi tí a ti ń wò ó pòṣé, ó ní, "Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yìí mà ya wèrè o." Àwa náà rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rin ò tíì pé lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, 2024, ní Dublin, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà gbá góólù mẹ́ta sáwọ̀n Bayer Leverkusen nínú àṣekágbá ife Europa. Leverkusen yìí ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà mọ́kànléláàádọ́ta láìsí ẹni tó nà wọ́n, kí wọ́n tó kàn án. Atalanta gba ife. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ní Marrakech, wọ́n fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ ní Áfíríkà. Ọjọ́ yẹn ni ojú wa là tí a rí i pé Adémọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Nínú hóstẹ́ẹ̀lì wa, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ní ibo ni orúkọ yẹn tún ti lè jáde bí kò ṣe Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ìkòkò ẹ̀wà lu ara wọn. Ẹni tí kò sí olùwá rẹ̀ ní 2020, ìlú méjì ló ń du oríkì rẹ̀ ní 2024.

Tobi Amusan ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni òun, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá mítà 100 tí wọ́n ti ń fo igi ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Obìnrin kankan ò tíì sá a bẹ́ẹ̀ rí láyé. Kò tó wákàtí mélòó kan tó tún sá àṣekágbá ní 12.06, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń ti àwọn sárésáré lẹ́yìn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ni wọn ò bá kọ ìyẹn sínú ìwé. Wúrà ṣáà ni, ó ti wọlé. Ó sunkún lórí pèpéle nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè wa, àwa náà sì sunkún nílé.

Nígbà tó di oṣù Keje, 2023, wọ́n ní ó pàdánù àyẹ̀wò mẹ́ta, wọ́n ní kó dúró ná. Ní oṣù Kẹjọ, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre, ó sì lọ sá eré ní Budapest, ipò kẹfà ló ṣe. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ní etí, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ọgbà yìí. "Ọmọ wa Tóbi" ti di "ọmọbìnrin yẹn". Kò sí ẹni tó dúró de ìdájọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án, 2025, ó gba fàdákà ní Tokyo, ó sá a ní 12.29. Ó tún di ọmọ wa. Ẹ ò rí i pé bí a ṣe ń bí i náà la tún ń kọ̀ ọ́?

ÀWỌN ARÁ ÒKÈ ỌYA

Ó yẹ kí àwa tí a wà níbí mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dunni ju àwọn tó wà nílé lọ. Ta ni nínú wa tó relé fún ọdún tí wọn ò ní kí i pé, "Gàm̀bàrí dé"? Bí a bá ní ìwé wa ń lọ dáadáa, wọ́n á ní, "Ṣé wọ́n ń kàwé lọ́hùn-ún náà ni?" Ojú ilé bàbá wa la ti di "wọ́n". Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí ọ̀kan nínú wa di mínísítà lọ́la. Ẹ ó rí i bí àga ṣe máa ṣí sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba.

Àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa pọ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí wọ́n ń pè ní Mathematical, Jos ló dàgbà sí. Òun ló gbá góólù méjì nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria ní Èkó ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, 1980, tí a fi gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Múdà Lawal ló gbá ẹ̀kẹta. Rashidi Yekini ńkọ́? Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ bá Shooting Stars ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, 1994, ní Dallas, òun ló gbá góólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú ife àgbáyé, tó ki apá méjèèjì bọ inú àwọ̀n Bulgaria, tó ń ké. A ò tíì dáyé, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ fún wa títí a fi rò pé a wà níbẹ̀.

Góólù 37 ló gbá fún Nàìjíríà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ló ń gbé, òun nìkan, ara rẹ̀ ò sì yá. Ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, 2012 ló kú, wọ́n sin ín sí Ìrá ní Kwara. Ìyìn wá ya bí òjò. Ẹni tí kò kàn ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá ń sọ lórí rédíò pé ọ̀rẹ́ òun tímọ́tímọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni òkú fẹ́ fi ìyìn ṣe?

PÁPÁ TIWA

Ṣé a kúkú ti bú gbogbo ayé tán. Ó wá ku ilé.

Ẹ rántí ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó wáyé nínú ọgbà yìí ní sáà tó kọjá. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun lè má mọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rò ó bó ṣe rí. Wọ́n dá owó eré ìdárayá jọ, ó jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà, ìyẹn 180,000. Ikọ̀ méjì la ní, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Ikọ̀ ọkùnrin gba jẹ́sì tuntun mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú orúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gba ìbọ̀sẹ̀, wọ́n gba omi inú ọ̀rá, wọ́n gba owó oúnjẹ. Ikọ̀ obìnrin gba jẹ́sì àwọn ọkùnrin ti ọdún tó ṣáájú. Ó tóbi lọ́rùn wọn bí agbádá. Nọ́ńbà méje ti bó títí ó fi jọ oókan, tí rẹfirí fi ń bèèrè pé ṣé gólì méjì ni wọ́n ní.

Aago mẹ́fà ìdájí ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ń lọ ṣe ìdánrawò, nínú ọyẹ́, kí wọ́n tó lọ gba ẹ̀kọ́ aago mẹ́jọ. Pápá tí wọ́n fún wọn wà lẹ́yìn odi ọgbà, wọ́n ní láti wọ kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Àpò ara wọn ni wọ́n fi ń san owó kẹ̀kẹ́.

Ikọ̀ ọkùnrin jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìlù bẹ̀ǹbẹ́ ń dún, gángan ń fọhùn. Àwọn ọmọ Tiv nà wọ́n ní mẹ́ta sí òdo. Ọ̀rọ̀ parí. Jẹ́sì tuntun kò tíì gbó tí wọ́n fi bọ́ ọ.

Àwọn obìnrin na ti àkọ́kọ́, wọ́n na èkejì, wọ́n na ẹ̀kẹta. Kò sí ìlù. Àwọn tó wò wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò tó méjìlá, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó ń kọjá lọ. Nígbà tó di àṣekágbá pẹ̀lú àwọn ọmọ Ìdọmà, ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀. Gbogbo ayé jáde, ìlù dé, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ dé pẹ̀lú fìlà abetí-ajá. Òdo sí òdo ni títí ó fi di pẹnárítì. Gólì wa, ọmọ kékeré kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún kejì, gbá méjì dànù. A jàre ní mẹ́rin sí mẹ́ta. Àbí kí á ní wọ́n jàre?

Ẹ wá wo eré. Kí àwọn ọmọbìnrin náà tó dìde nílẹ̀ níbi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí tí wọ́n ń sunkún, ife ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Nínú fọ́tò tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ènìyàn mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Ẹ kà á fúnra yín. Méje péré nínú wọn ló gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ tí a se ìrẹsì láti fi kí wọn kú oríire, olóyè kan dìde, ó sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. "Àwa la gba ife," ló ń wí. "Àwa ọmọ Oòduà kì í gbẹ́yìn." Nígbà tó parí, wọ́n ní kí kápútìnnì ikọ̀ obìnrin sọ̀rọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà bó ti yẹ, ó dúpẹ́, ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ bèèrè. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, nígbà tí a ń ṣa owó kẹ̀kẹ́ jọ, ta ni 'àwa' nígbà yẹn?"

Kò sí ẹni tó fèsì. Ààrẹ wúkọ́. Ẹni tó ń darí ètò ní kí olórin fi orin sí i. Ìrẹsì náà, a jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu wa.

Ìdí tí kò fi dùn nìyí. A wà ní ìpàdé tí wọ́n ti pín owó náà. Ọmọbìnrin kan nawọ́ níbẹ̀, ó ní kí wọ́n fún ikọ̀ obìnrin ní ìdámẹ́ta péré. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo tàtijọ́ ná. Ṣebí ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n máa já bọ́ sí." Ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Ọwọ́ tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí wà lára àwọn ọwọ́ tó lọ sókè. A ò ronú lé e lórí. A rí ọwọ́ àwọn tó kù, àwa náà na tiwa. Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti bèèrè ìbéèrè yẹn, a ò lè kọjá níwájú fọ́tò ògiri yẹn kí ojú má tì wá. Ìdí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní owó kò tó. Òótọ́ ni. Láti oṣù Karùn-ún, 2023, tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí epo bẹtiróòlù fò kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí ohun tí náírà kan ṣì ń rà bó ṣe ń rà á tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá kéré gan-an la ń mọ ẹni tí a kà sí ènìyàn. Bí ẹran bá ṣẹ́ kù ẹyọ kan nínú ìkòkò, ẹni tí ìyá bù ú fún ni àyànfẹ́ rẹ̀.

Wọ́n á tún ní bọ́ọ̀lù ọkùnrin ló ń pe èrò. Tó bá ṣe pé ibi tí ìlù bá ti ń dún ni èrò ń lọ, ẹ jẹ́ ká gbé ìlù lọ sí pápá kejì ká wò ó. Ìlù kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Kì í sì í ṣe ọgbà wa nìkan. Àwọn Falcons tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè ṣèlérí owó tó tó 100,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, pẹ̀lú ilé, ní oṣù Keje, 2025, ikọ̀ yìí kan náà ló yan lọ síwájú Ilé Aṣòfin ní Àbújá ní oṣù Kejìlá, 2016, lẹ́yìn tí wọ́n gba ife ní Kamẹrúùnù, láti bèèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. A ò bínú sí dọ́là. Ó tọ́ sí wọn. Àwọn D'Tigress náà, tí wọ́n gba ife bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Áfíríkà léraléra nígbà márùn-ún láti 2017 títí dé 2025, ó tọ́ sí àwọn náà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí a fẹ́ fún ní màlúù lọ́jọ́ tó bá gba ife, ẹ jẹ́ ká máa fún un ní gàrí lọ́jọ́ tó ń ṣe ìdánrawò.

Ẹ BÁ WA YỌ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ayọ̀ díẹ̀ pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa kì í fi àsè àwọn tó jáde pẹ̀lú kíláàsì kìíní ṣeré, a sì kí ẹ̀gbọ́n wa tó ṣe é lọ́dún yìí kú oríire. Orí rẹ̀ pé, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni ò se ìrẹsì fún. Àwa fẹ́ fi ojú ìwé yìí se tiwọn.

Ẹ bá wa kí ọ̀rẹ́ wa tó wọ ọgbà yìí ní 2018 fún ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún, tó sì jáde ní 2025. Àrùn Kòrónà bá a níbẹ̀, ìyanṣẹ́lódì 2020 bá a níbẹ̀, ti 2022 tó gba oṣù mẹ́jọ gbáko, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì dé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, bá a níbẹ̀. Nínú oṣù mẹ́jọ yẹn, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ táìsì ní Kàdúná. Owó táìsì ló fi san owó ilé ìwé tó kù. Kíláàsì rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n kò já sílẹ̀. Àgùnbánirọ̀ ni báyìí.

Ẹ bá wa kí ọ̀rẹ́ wa obìnrin tó ń dirun ní yàrá rẹ̀ lálaalẹ́ títí ìka rẹ̀ fi ń wú, tó fi rán àbúrò rẹ̀ wọ yunifásítì. Ẹ bá wa kí ọ̀rẹ́ wa tó kùnà iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tó wá gba máàkì 47 ní ìgbà kẹrin. Ọjọ́ náà, ó ra mínírà fún gbogbo kọ́rídọ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ rí, títí kan ẹni tó ṣe kíláàsì kìíní.

A ń rántí Túndé Ọnàkọ̀yà, tó ta ayò chess fún ọgọ́ta wákàtí ní ìgboro New York ní oṣù Kẹrin, 2024, tí gbogbo wa ń na fóònù sókè tí a ń wò ó. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú ló ti kọ́ ayò náà nígbà tó wà ní ọmọdé. Ẹnìkan jẹ́ kí ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ jókòó síbẹ̀ kó máa wò. Kò sí ife níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí fọ́tò.

KÍ LA FẸ́ ṢE?

Ìpàdé tí a óò ti pín owó eré ìdárayá ti sáà yìí ń bọ̀. Ohun mẹ́ta la fẹ́ bẹ ẹgbẹ́. Àkọ́kọ́, kí a pín owó náà ní ọgbọọgba, àmọ́ kí jẹ́sì tuntun ti sáà yìí jẹ́ ti àwọn obìnrin, nítorí gbèsè wà nílẹ̀. Èkejì, kí àwọn aláṣẹ àti onílù máa wá sí ìdíje àkọ́kọ́ ikọ̀ méjèèjì. Ẹni tí kò bá wá sí ti àkọ́kọ́, kó má fọwọ́ kan ife ní ti ìkẹyìn. Ẹ̀kẹta, kí a yọ fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri, kí a fi èyí tí àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù nìkan wà nínú rẹ̀ rọ́pò.

Ní ti owó kẹ̀kẹ́, a ti mú 2,000 náírà tiwa fún akápò. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun la ní. Ẹni tó bá rántí pé ọwọ́ òun náà lọ sókè lọ́jọ́ yẹn, akápò wà ní yàrá rẹ̀ láti aago mẹ́rin. Kò ní béèrè orúkọ yín.

Kápútìnnì, bí ẹ bá ka ìwé yìí, ìdáhùn wa nìyí, bó tilẹ̀ pẹ́. Nígbà tí ẹ ń ṣa owó kẹ̀kẹ́ jọ, ẹ̀yin nìkan ni "àwa". A ò sí níbẹ̀. Ẹ forí jì wá. Bí ẹ bá máa bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ní sáà yìí, ẹ jẹ́ ká mọ̀. A ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n a lè gbé omi.

Ire o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ó di ìgbà mìíràn.